Lẹ́tà ṣíṣí sí National Mathematical Centre ní Sheda: Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ kọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é

Sí Ọ̀gá Àgbà àti gbogbo ẹ̀yin alákòóso National Mathematical Centre, Sheda, ní agbègbè Kwali, Abuja.

Ẹ̀yin àgbà wa nínú ìmọ̀ ìṣirò,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì kí yín kú iṣẹ́ ìlú. Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ní Kubwa, ọdún kọkàndínlógún sì rèé tí mo ti ń di ẹfun mú níwájú pátákó. Mo mọ̀ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ fi ń ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì, ẹ̀dà lẹ́tà yìí ní èdè náà yóò sì dé ọ̀dọ̀ yín lọ́tọ̀. Mo kọ èyí ní Yorùbá kí àwọn olùkọ́ àti òbí Yorùbá tó wà káàkiri Abuja, Kaduna, Minna àti Jos, tí ọmọ wọn ń jókòó nínú kíláàsì wa, lè gbọ́ ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún, kí wọ́n sì bá mi dá sí i.

Ọ̀rọ̀ náà dá lórí bí a ó ṣe máa kọ́ àwọn olùkọ́ láti lo ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní mathematical modelling nínú kíláàsì. Èmi máa ń pè é ní àwòṣe ìṣirò. Télọ̀ tó mọṣẹ́ kì í dédé ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ oníbàárà. Yóò wọn ara rẹ̀, yóò gé bébà, yóò fi bébà náà gé aṣọ, yóò sì ní kí oníbàárà wọ̀ ọ́ wò kí ó tó rán an parí. Bí èjìká bá fún, yóò tú u, yóò tún un gé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwòṣe ìṣirò rí. Ọ̀rọ̀ kan wà nílé ayé tí a fẹ́ yanjú; a ó yan èyí tó ṣe kókó nínú rẹ̀, a ó fi ìyókù sílẹ̀ ná, a ó sọ ohun tí a yàn di nọ́ńbà àti ìdọ́gba, a ó ṣírò rẹ̀, lẹ́yìn náà a ó gbé ìdáhùn padà lọ síbi tí ọ̀rọ̀ ti wá, láti wò ó bóyá ó bá a mu. Bí kò bá bá a mu, a ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Nílé-ìwé wa, àárín iṣẹ́ yìí nìkan, ìyẹn ìṣirò gan-an, ni a ń kọ́ àwọn ọmọ. Yíyàn tó ṣáájú rẹ̀ àti ìwọ̀wò tó tẹ̀lé e, a kì í fọwọ́ kàn wọ́n.

Ní nǹkan bí ọdún 1980, àwọn olùwádìí kan ní Grenoble, nílẹ̀ Faransé, bi àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 97 ní ìbéèrè yìí: àgùntàn 26 àti ewúrẹ́ 10 wà nínú ọkọ̀ ojú omi kan, ọmọ ọdún mélòó ni ọ̀gá ọkọ̀ náà? Ọmọ 76 nínú wọn ló mú nọ́ńbà méjèèjì, tí wọ́n fi ṣe ìṣirò, tí wọ́n sì mú ọjọ́ orí jáde. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo sọ fún ara mi pé ọmọ tèmi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbé e fún àwọn ọmọ JSS 2, àmọ́ mo yí i padà díẹ̀: àgbò 26 àti ewúrẹ́ 10 ni ọkọ̀ àjàgbé kan kó bọ̀ láti ọjà Potiskum, mo sì béèrè ọjọ́ orí dírẹ́bà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kọ 36. Ọmọ kan ti kọ́kọ́ yọ 10 kúrò nínú 26, ó rí 16, ó sì fa ìlà lé e lórí, ó wá ro méjèèjì pọ̀. Mo bi í pé kí ló dé tó fi yí i padà. Ó ní ọmọ ọdún 16 kò lè wa àjàgbé láti Potiskum dé Abuja.

Ìdáhùn ọmọ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Ó mọ ayé, ó sì mọ̀ pé ó yẹ kí ìdáhùn bá ayé mu. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún olùkọ́ rẹ̀ pé ìbéèrè yìí kò ní ìdáhùn. Àwa la kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, láti ọdún tó ti wọ ilé-ìwé, nípa fífún un ní ìbéèrè tí gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀ wúlò, tí ìdáhùn rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ìwé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo pinnu láti dán ohun tí mo ti ń kà wò. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, kànga ẹ̀rọ ilé-ìwé wa ti bàjẹ́, àwọn mẹ́ruwà ló sì ń fi ọmọlanke gbé omi wá fún wa láràárọ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé ń sọ pé owó omi ti pọ̀ jù, àwọn ọmọ ń sọ pé omi kì í tó. Mo wọ kíláàsì, mo kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sára pátákó: ọmọlanke omi mélòó ni ilé-ìwé wa nílò lójúmọ́? N kò fi nọ́ńbà kankan sí i. Kíláàsì pa rọ́rọ́. Nígbà tó yá, ọmọ kan ní, “Sà, ẹ ò tíì kọ ìbéèrè náà tán.”

Ọjọ́ méjì la fi wà lórí rẹ̀. Wọ́n gbà pé ọmọ 400 ló ń wá sílé-ìwé, pé ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò lo lítà méjì fún mímu àti ọwọ́ fífọ̀, ìyẹn lítà 800. Ọmọbìnrin kan dìde, ó béèrè pé kí ni wọ́n fẹ́ fi fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n tún gbà pé ìdajì àwọn ọmọ yóò lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, pé lítà mẹ́ta ni ẹni kọ̀ọ̀kan yóò dà sí i. Lítà 600 nìyẹn, àpapọ̀ sì di 1,400. Kẹ́ẹ̀gì 12 ló ń wà lórí ọmọlanke kan, kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan ń gba lítà 25, nítorí náà wọ́n fẹ́ fi 300 pín in. Ìgbà yẹn ni ọmọkùnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ nawọ́ sókè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ta omi, òun náà sì máa ń bá a ti ọmọlanke lópin ọ̀sẹ̀. Ó ní kò sí mẹ́ruwà tó ń rọ kẹ́ẹ̀gì kún dé ẹnu, pé ọ̀nà kò dán, omi á máa dà nù, kí wọ́n ka kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan sí lítà 24. Ọmọlanke kan wá di lítà 288. Nígbà tí wọ́n pín 1,400 sí 288, wọ́n rí 4.86, àwọn kan sì ti fẹ́ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ kí ọmọkùnrin náà tó tún sọ pé ẹnikẹ́ni kì í ti ìdá ọmọlanke wá, márùn-ún ni.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ níbí. Ní Amẹ́ríkà, nínú ìdánwò àpapọ̀ kan tí wọ́n ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n bi àwọn ọmọ ọdún 13 pé sójà 1,128 fẹ́ rìnrìn àjò, bọ́ọ̀sì kan sì ń gba sójà 36, bọ́ọ̀sì mélòó ni wọn yóò nílò. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà pín in bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n àwọn tó dáhùn pé 32 kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ló kọ ọ́ pé 31, ó ku 12, bí ẹni pé a lè fi sójà méjìlá sílẹ̀ lójú títì. Orílẹ̀-èdè tó lówó, tó ní ìwé, tó ní kọ̀ǹpútà, ló bá àrùn kan náà pàdé, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé àìní ohun èlò nìkan ló ń ṣe wá.

Ìṣirò omi wa kò tíì parí níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n lọ wọ aṣọ náà wò. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, wọ́n ń ka ọmọlanke tó wọlé, wọ́n sì ń wo omi tó ṣẹ́ kù nínú àgbá lẹ́yìn ìparí ẹ̀kọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni márùn-ún tó, tí omi sì ń ṣẹ́ kù. Ní ọjọ́ eré ìdárayá, omi ti tán kí aago méjìlá tó lù. Wọ́n padà sí àwòṣe wọn, wọ́n ya ọjọ́ eré sọ́tọ̀, wọ́n sì kọ lẹ́tà ojú ewé kan sí ọ̀gá ilé-ìwé pé kí ó máa ra márùn-ún lójoojúmọ́, kí ó sì ra méje lọ́jọ́ eré. Ó gbà, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi tún kànga ṣe. Ọmọkùnrin ọlọ́mọlanke yẹn, tí máàkì rẹ̀ nínú ìṣirò kì í kọjá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ń tọ̀ lọ láti béèrè ọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ sọ òtítọ́ fún yín nípa bó ṣe rí lára mi ní ọjọ́ méjèèjì yẹn. Ẹ̀rù bà mí. Nígbà tí wọ́n bi mí pé kí ló dé tí a fi mú ìdajì àwọn ọmọ, n kò ní ìdáhùn. Nígbà tí ẹgbẹ́ méjì mú ìdáhùn méjì tó yàtọ̀ wá, tí méjèèjì sì nídìí, n kò mọ bí mo ṣe máa fún wọn ní máàkì. Ẹgbẹ́ kan dúró sójú kan fún ogún ìṣẹ́jú, n kò sì mọ̀ bóyá kí n là wọ́n lọ́nà tàbí kí n jẹ́ kí wọ́n jà á fúnra wọn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo ti mọ òwe yẹn láti kékeré, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ́ mi nílé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ṣèwà hù níwájú ọmọ àádọ́rin tí wọ́n ti mọ olùkọ́ sí ẹni tó mọ gbogbo ìdáhùn. Ohun tí olùkọ́ nílò kí ó lè fi àwòṣe ìṣirò kọ́ni kì í ṣe ìtumọ̀ rẹ̀. Ó nílò kí òun fúnra rẹ̀ ti jókòó nídìí ìbéèrè tí kò ní nọ́ńbà, kí ó ti ṣìnà nínú rẹ̀, kí ó ti jiyàn lórí rẹ̀, kí ó sì ti rí ọ̀nà jáde. Ẹni tí kò rì sínú omi rí kò lè kọ́ ọmọ ní ìwẹ̀ odò láti ẹ̀bá.

Mo lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. N kò ní dárúkọ àwọn tó ṣe é, nítorí èrò mi kì í ṣe láti bu ẹnikẹ́ni kù. Ọjọ́ mẹ́ta ni, nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì, àwa olùkọ́ tí a lé ní ọgọ́rùn-ún. Olùbánisọ̀rọ̀ ń gbé ọ̀rọ̀ sára ògiri, ó ń kà á fún wa: ìtumọ̀ àwòṣe, ìpele àwòṣe, àǹfààní àwòṣe, ìṣòro àwòṣe. Ní ọjọ́ kejì, olùkọ́ kan láti Abaji béèrè pé ṣé a lè ṣe ẹyọ kan. Wọ́n ní kò sí àyè fún un nínú ètò ọjọ́ náà. A gba ìwé ẹ̀rí, a ya fọ́tò, kálukú sì padà sílé. Láàárín àwa mẹ́fà tí a jọ lọ láti agbègbè wa, kò sí ẹni tó gbìyànjú rẹ̀ nínú kíláàsì láàárín ọdún yẹn, èmi náà sì wà lára wọn. Owó tí wọ́n ná sórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn kò kéré. Ó dùn mí gan-an, nítorí àwọn olùkọ́ tó wà níbẹ̀ fẹ́ kọ́ ọ.

Nígbà tí ìṣirò omi ti fún mi ní ìgboyà, mo pe àwọn olùkọ́ mẹ́rin kan, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé ní àárọ̀ Sátidé lábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà ilé-ìwé wa. Yorùbá ni àwa méjì, ẹnì kan jẹ́ Gbagyi, ẹnì kan jẹ́ Tiv, ẹnì karùn-ún sì ni Màlámà kan láti Katsina tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí wa. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a mú ni ti àjọ. Gbogbo wa la ti dá a rí, àwọn Hausa ń pè é ní adashe. Èèyàn mẹ́wàá ń dá ₦20,000 lóṣù, ẹnì kan sì ń kó ₦200,000 lóṣooṣù. Ta ló jèrè jù?

A kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. A gbà pé ìrẹsì ni gbogbo wọn fẹ́ fi owó náà rà, pé àpò kan jẹ́ ₦80,000 ní oṣù àkọ́kọ́, pé owó rẹ̀ sì ń fi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún gòkè lóṣooṣù. Ẹni tó kó ṣáájú rí àpò méjì àti ààbọ̀ rà. Ẹni tó kó kẹ́yìn, ní oṣù kẹwàá, bá àpò kan ní nǹkan bí ₦104,400, owó rẹ̀ kò sì tó àpò méjì. A fẹ́ parí rẹ̀ síbẹ̀, pé ẹni àkọ́kọ́ ló jèrè. Màlámà ní òun kò gbà. Ó ní nínú àwọn obìnrin tí òun mọ̀, àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi òun sí ìkẹyìn ló pọ̀, nítorí kì í ṣe èrè ni wọ́n ń wá, ibi tí ọwọ́ ọkọ àti ọmọ kò ní tó owó náà ni wọ́n ń wá. Bí owó bá wà nílé, a ó ná an. Ó ní kí a fi iye tí èèyàn ì bá ti ná dànù lóṣooṣù sínú ìṣirò wa. Ìyẹn ló tú gbogbo iṣẹ́ wa ká. Sátidé mẹ́ta la fi tún un ṣe, mo sì lè sọ ọ́ láìbẹ̀rù pé mo kọ́ nípa àwòṣe ìṣirò lábẹ́ igi máńgòrò yẹn ju ohun tí mo kọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta gbọ̀ngàn lọ. Kò sí ẹni tó sọ ìtumọ̀ ohunkóhun fún wa. Ìgbà tí Màlámà ta ko ohun tí a ti gbà láìrò ni mo tó mọ̀ pé yíyan ohun tí a ó gbà gan-an ni iṣẹ́ náà, pé ìṣirò tó tẹ̀lé e kò le rárá.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìṣirò ìgbàlódé tí wọ́n ń pè ní modern mathematics. Wọ́n gbé e wá láti òkè òkun, wọ́n kó o sínú ìwé, àwọn olùkọ́ tí yóò fi kọ́ni kò sì ní ìpìlẹ̀ nínú rẹ̀, àwọn òbí kò mọ ohun tí ọmọ wọn ń gbé bọ̀ wálé. Ní ọdún 1977, lẹ́yìn ìpàdé kan tí wọ́n ṣe ní Benin, ìjọba àpapọ̀ fagi lé e ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama. Ohun tó ń já mi láyà ni pé bí a bá gbé àwòṣe ìṣirò wá bí a ṣe gbé tìgbà yẹn wá, orúkọ rẹ̀ yóò bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó tọ́ ọ wò, yóò sì pẹ́ kí a tó tún lè dárúkọ rẹ̀ létí àwọn olùkọ́.

A ti ní èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ rí, ní apá àríwá níbí. Ètò SMASE, ìyẹn ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn olùkọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, tí Nàìjíríà àti àjọ JICA ti ilẹ̀ Japan jọ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006 ní ìpínlẹ̀ Kaduna, Niger àti Plateau, tí National Teachers’ Institute ní Kaduna sì jẹ́ ibùjókòó rẹ̀, kò dúró lórí kíka ọ̀rọ̀ fún olùkọ́. Irú rẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní Kenya láti 1998. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí olùkọ́ ṣètò ẹ̀kọ́, kí ó kọ́ ọ, kí a wò ó, kí ó sì tún un ṣe. Ẹ wo bí ìyẹn ṣe jọ iṣẹ́ télọ̀ tí mo sọ ṣáájú: àwòṣe, ìwọ̀wò, àtúnṣe. Ní Japan fúnra rẹ̀, ó ti pẹ́ tí àwọn olùkọ́ ti máa ń jókòó pọ̀ láti ṣètò ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, tí ẹnì kan á kọ́ ọ, tí àwọn yòókù á dúró lẹ́yìn kíláàsì láti wo bí àwọn ọmọ ṣe ń ronú, tí wọ́n á sì jọ jókòó lórí rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ṣàjèjì sí wa. A ti mọ ọ̀nà náà, a kàn nílò láti tún gbà á, kí a sì gbé àwòṣe ìṣirò gba ibẹ̀.

Ilẹ̀ Jámánì ti kọ àwòṣe ìṣirò mọ́ òye mẹ́fà tí ọmọ gbọ́dọ̀ ní nínú ìṣirò láti ọdún 2003. Amẹ́ríkà náà ti fi í sínú ìlànà tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wọn ń tẹ̀ lé láti 2010. N kò ní lọ jìnnà lórí ìyẹn, nítorí ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Àwọn kan yóò sọ pé kò sí àyè. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lójoojúmọ́: iṣẹ́ pọ̀ nínú ìlànà ẹ̀kọ́, ọmọ pọ̀ nínú kíláàsì, àwọn kan nínú àwọn ọmọ kò tíì mọ ìsọdipúpọ̀. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí kò mọ ìdá kò lè lọ jìnnà nínú àwòṣe, n kò sì gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé kí a fi kíkọ́ ìṣirò lásán sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòṣe kan ṣoṣo ní sáà kan, tí a fún ní ọjọ́ méjì, kò ní pa ìlànà ẹ̀kọ́ run. Ẹ sì rántí ohun tí ìmọ̀ yìí ṣe fún wa ní ọdún 2014. Nígbà tí àrùn Ebola wọ Èkó, àwọn elétò ìlera wá àwọn tí wọ́n ti fara kan aláìsàn kàn, iye wọn sún mọ́ 900, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn fún ọjọ́ 21, nítorí ohun tí a mọ̀ nípa àrùn náà ni pé kò ní fara pamọ́ sára ènìyàn ju ìyẹn lọ. Èèyàn 20 ló kó o, mẹ́jọ ló kú. Àjọ ìlera àgbáyé dúró fún ọjọ́ 42, ìyẹn ìlọ́po méjì ọjọ́ 21, láìsí aláìsàn tuntun, kí ó tó kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá pé Nàìjíríà ti bọ́. Ta ni yóò máa ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ fún wa ní ogún ọdún sí i? Àwọn tó jókòó níwájú mi ní Kubwa báyìí ni.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ń jiyàn lórí omi, èdè Hausa, Pidgin, Gbagyi àti Yorùbá ni mo ń gbọ́ láti tábìlì dé tábìlì. Gẹ̀ẹ́sì kò wọlé àfi nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ì bá ti nà wọ́n fún un. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní Ilé-Ifẹ̀, nínú ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, pé ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ní gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìṣirò pẹ̀lú, kò ní rẹ̀yìn sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn baba wa náà kò ya nọ́ńbà kúrò lára ohun tí wọ́n ń kà: ọ̀kẹ́ ni àpò, ọ̀kẹ́ sì ni 20,000, nítorí iye owó ẹyọ tó ń wọ inú àpò kan nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yín sọ ọ́ gbangba fún olùkọ́ pé kí ọmọ ronú ní èdè tó bá yá a lẹ́nu, kí ó tó kọ ọ́ ní èdè ìdánwò.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín rèé. Láti ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n James Ezeilo ń darí rẹ̀, ni ilé-iṣẹ́ yín ti wà fún ìmọ̀ ìṣirò ní orílẹ̀-èdè yìí. Bí ẹ bá tún fẹ́ kọ́ olùkọ́ ní àwòṣe ìṣirò, ẹ jẹ́ kí wọ́n lo ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ọjọ́ kejì lórí ìbéèrè kan ṣoṣo, ní ẹgbẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin, láìsí ẹni tó ń ka ohunkóhun sára ògiri. Ẹ mú ìbéèrè náà láti àyíká tí olùkọ́ ti wá: iye àkókò tí èèyàn ń lò láti Nyanya dé ìlú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, iye iṣu tí àgbẹ̀ Kwali lè jẹ́ kí ó bàjẹ́ kí ó tó yẹ kó tà á lówó pọ́ọ́kú, epo jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn kékeré kan, mudu àgbàdo tó yẹ kí ìdílé kan fi pa mọ́ di ìgbà òjò. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ kó ìbéèrè tirẹ̀ wá, kí ẹ sì kó wọn jọ sínú ìwé kan tí gbogbo ilé-ìwé lè lò láìsan kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ lé wọn délé. Apá yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù. Agbègbè mẹ́fà ló wà ní Abuja: Abaji, Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali àti ti ìlú gan-an. Bí olùkọ́ márùn-ún péré bá wà ní agbègbè kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tí ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ yín sì ń bá wọn jókòó, tí ó ń wọ kíláàsì wọn láti wo bí àwọn ọmọ ṣe ń ronú láì di ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́, olùkọ́ 30 nìyẹn ní ọdún kan. Iye náà kéré lójú ẹni tó fẹ́ kọ́ ẹgbẹ̀rún olùkọ́ nínú gbọ̀ngàn. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n tó ń ṣe é yóò fi í hàn fún ọgbọ̀n mìíràn, ẹgbẹ̀rún tó gba ìwé ẹ̀rí tí kò ṣe é kò ní nǹkan kan láti fi hàn fún ẹnikẹ́ni.

Ìdánwò ńkọ́? Níwọ̀n ìgbà tí WAEC àti NECO kò bá fún ọmọ ní máàkì fún ohun tí ó gbà àti bí ó ṣe wọ̀ ọ́ wò, òbí yóò máa bi wá pé kí ni a ń fi àkókò ọmọ wọn ṣe, wọn kò sì jẹ̀bi. Ẹ̀yin àti NERDC tó ń ṣe ìlànà ẹ̀kọ́ jọ wà ní Sheda. NECO kò jìnnà, Minna ni. Ẹ lè bá wọn sọ ọ́ ní ohùn tí èmi kò ní. Bí ìbéèrè kan péré bá wọ inú ìwé ìdánwò, tí kò ju máàkì mẹ́wàá lọ, tí a ní kí ọmọ sọ ohun tó gbà àti ìdí tó fi gbà á, àwọn olùkọ́ yóò wá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yín fúnra wọn. Ẹ sì bá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ sọ̀rọ̀ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ kọ́ ìkọ́ni ní ilé-ìwé ṣe àwòṣe kan, ó kéré tán, kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa kékeré ṣì ń pàdé ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, lábẹ́ igi máńgòrò kan náà. Ìbéèrè tó wà níwájú wa báyìí ni ti òrùlé ilé-ìwé: bí a bá so gọ́tà mọ́ etí rẹ̀ láti gba omi òjò, tí a sì kó o sínú àgbá, oṣù mélòó ni a ó lò kí a tó tún nílò mẹ́ruwà. A ti wọn òrùlé náà. Ohun tí a kò tíì fẹnu kò lé lórí ni ìdá òjò tó yẹ kí a kà sí èyí tó dà nù. Mo bẹ̀ yín, ẹ rán ẹnì kan sí wa, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ràn irú iyàn bẹ́ẹ̀. A ó fún un ní àga.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Olùkọ́ ìṣirò kan ní Kubwa.